Ẹjọ́ Ìràwọ̀ ní Ilé Búrẹ́dì

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ gé Ádámù ní ìka, òun àti Ishaq ti kọ́kọ́ jà láàárọ̀. Kì í ṣe ìjà ńlá. Ta ni yóò lọ ṣọdún nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ta ni yóò dúró ti iṣẹ́, ohun tó dá a sílẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Ishaq ò lẹ́nu tó ń mọ̀wọ̀n. Lójú gbogbo èèyàn ló nàka sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ọlọ́run á mú ẹ." Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, rólà tí wọ́n fi ń tẹ ìyẹ̀fun pípò ti mú Ádámù lóòótọ́, ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ ò rí i pé ọ̀ràn ń wá ẹni tó máa kó sí lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí oòrùn ti ga, wọ́n pe ẹjọ́ náà sí ọ́fíìsì Alhaji Làsísì tó ni ilé búrẹ́dì, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí èèyàn ti lè máa wo àwọn ẹ̀rọ nísàlẹ̀ láti ojú fèrèsé. Kí ẹnikẹ́ni tó jókòó ni wọ́n ti dá a tán. Iṣẹ́ Ishaq ni láti máa ki ìyẹ̀fun bọ rólà, kó sì dúró ti bọ́tìnì rẹ̀. Iṣẹ́ Ádámù ni láti tọwọ́ bọ àárín irin méjèèjì, kó ha ìyẹ̀fun tó lẹ̀ mọ́ wọn kúrò. Irin ti dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí Ádámù tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ishaq ń búra pé òun ò fọwọ́ kan nǹkan kan, òun kàn rí irin tó gbéra, tó ń yí fúnra rẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń bẹ̀ láràárọ̀ bí ìyàwó tó ń bínú kó tó ṣiṣẹ́, òun ló wá dá yí lọ́jọ́ tí ẹni tí Ishaq bá jà tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ta ló fẹ́ gba irú ìyẹn gbọ́?

Ẹnì kan ṣoṣo ló gbà á gbọ́, Tinúadé, obìnrin Oǹdó tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ. Ẹnjiníà ni gbogbo wọn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé físíìsì ló kà ní yunifásítì, tó sì jẹ́ pé lórí ohun tó ń rọ̀ láti òfurufú ló kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lé. Àìríṣẹ́ ló gbé e kúrò nídìí ìràwọ̀ wá sídìí búrẹ́dì. Láti àárọ̀ ló ti tú àpótí kọ̀ǹpútà tó ń darí rólà. Kò rí omi níbẹ̀. Eku ò jẹ wáyà, bọ́tìnì ò há. Bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnì, àpótí náà máa ń rántí, kò sì sí pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ ní àsìkò tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ ń fi àṣẹ pamọ́ sí, àṣẹ "dúró" ti di "yí". Ohun tó yí padà níbẹ̀ kéré débi tí ojú èèyàn ò lè rí i. Tinúadé mọ ohun tó lè ṣe irú ẹ̀. Bí òun ṣe máa wá sọ ọ́ níwájú Alhaji ló ń kó o láyà sókè.

Nǹkan mìíràn tún wà lọ́kàn rẹ̀. Ìbòrí onírin kan wà lórí rólà náà. Bí èèyàn bá ṣí i, iná gbọ́dọ̀ kú. Ohun yòówù kí kọ̀ǹpútà máa wí, irin ò ní yí. Ṣùgbọ́n ìbòrí yẹn ń dá iṣẹ́ dúró, pàápàá nínú oṣù ààwẹ̀, tí Agége àti Ìkẹjà ń dúró de búrẹ́dì gbígbóná tí wọ́n máa fi ṣínu. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, Job tó jẹ́ máníjà ní kí Ishaq fi ọ̀rá búrẹ́dì so súìṣì ìbòrí náà mọ́lẹ̀, kí ẹ̀rọ lè máa rò pé ó wà ní títì nígbà gbogbo. Ishaq so ó. Alhaji rí i, ó yínmú kọjá. Tinúadé sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, Job fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn òṣìṣẹ́, kò sì tún sọ ọ́ mọ́. Ó wá ń gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá yẹn kọjá láràárọ̀. Lónìí ó ti bá ara rẹ̀ pinnu pé òun á gba Ishaq sílẹ̀, òun ò sì ní dárúkọ ọ̀rá.

Sùlíyá, ìyàwó Ádámù, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ọsibítù ló ti ń bọ̀ tààrà, ojú rẹ̀ sì ti wú.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ó wí, "ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ tó ké lánàá ló pọmọ jẹ? Ó ní Ọlọ́run á mú ọkọ mi. Ó wá bá Ọlọ́run mú un."

"Ìyá Ameenat, bí à ń jà, bí í ká kú kọ́," ni Ishaq wí. Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láti ìgbà tó ti wọlé. "Èmi àti Ádámù la jọ wọ Èkó. Ẹní kan náà la jọ ń sùn lé. Kí ni mo máa fi ìka rẹ̀ ṣe?"

"Ìyẹn ni wàá sọ fún wọn ní téṣàn," ni Alhaji dá a lóhùn. "Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ishaq lára. Gbogbo ilé mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò lẹ́nìkan bó bá ti lè dé àhámọ́: wọn á tì í mọ́lé, ọ̀rọ̀ á pẹ́, ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ á máa ta dúkìá. Tinúadé ò lè wò ó níran mọ́. Ó dìde.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́ sà. Kì í ṣe Ishaq."

"Ta wá ni?"

"Ó lè jẹ́ ìràwọ̀, sà."

Job ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọmọ Èkìtì ni, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó tán. "Ìràwọ̀ ọ̀sán gangan," ó wí. "Ẹnjiníà ti ń gbààwẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, ebi ti wọ̀ ọ́ lórí."

"Ṣé ọkọ mi lẹ fi ń ṣẹ̀fẹ̀?" ni Sùlíyá bi í.

"Rárá o, Ìyá Ameenat. Ẹ gbọ́ mi ná." Tinúadé rìn lọ sójú fèrèsé, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́ bí ìwé ṣe sọ ọ́, ilẹ̀kùn ni wọ́n máa fi hàn òun. "Ìràwọ̀ ńlá máa ń kú, sà. Bó bá ń kú, ó máa ń bú gbàmù, ìbúgbàmù yẹn á sì ti ìgbì kan síwájú tí á máa gbilẹ̀ lójú òfurufú fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Àwọn horo kan wà lójú ọ̀nà ìgbì náà, ìyẹ̀fun tiwa yìí dà bí òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí ìgbì bá ré horo kan kọjá, agbára òòfà, irú èyí tó ń fa irin, tó lọ́ mọ́ra wọn lẹ́yìn ìgbì á dá a padà síwájú. Òòfà tó wà níwájú náà á tún dá a padà sẹ́yìn. Ẹ wo rólà yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan tí ìyẹ̀fun bá gba àárín irin, ṣé ó ti di búrẹ́dì Agége? Ishaq á kì í bọ̀ ọ́, á mú un jáde, á tún un kì, á tún un kì, títí á fi dán. Bí ti horo yẹn ṣe rí nìyẹn. Gbogbo ìgbà tó bá ré ìgbì náà kọjá, agbára rẹ̀ á lé díẹ̀. Díẹ̀ yẹn lásán ò já mọ́ nǹkan. Lílọ bíbọ̀ ló ń sọ ọ́ di ńlá, títí á fi lágbára débi tí òòfà ò lè dá a padà mọ́. Á wá já gbà, á máa rìn kiri inú agbo ìràwọ̀ tí ayé wa wà nínú ẹ̀."

"Á wá máa béèrè ọ̀nà Agége," ni Job wí.

"Kò béèrè ọ̀nà kankan, Ọ̀gá Job. Wọ́n ń rọ̀ lé wa lórí báyìí tí mò ń sọ̀rọ̀. Bí ọ̀kan bá kọlu afẹ́fẹ́ tó bo ayé, ó ń fọ́ ohun tó bá bá níbẹ̀, àfọ́kù á wá máa ya wálẹ̀ bí ọ̀wààrà òjò. Páànù ò dá a dúró. Èèyàn ò ní mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú àfọ́kù yẹn bá ṣe kòńgẹ́ ibi tí kọ̀ǹpútà ń fi àṣẹ pamọ́ sí, ó lè sọ 'dúró' di 'yí'. Àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ òfurufú mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń dáàbò bo tiwọn. Tiwa ti gbó. Kò ní ààbò."

Alhaji ò rẹ́rìn-ín. Ó ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ṣé o lè búra sí i?"

"N kò lè búra pé ìràwọ̀ ni, sà. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo lè búra sí ni pé kò sí ọwọ́ tó tẹ bọ́tìnì."

"Ìràwọ̀ wo gan-an?"

"Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n. Òòfà tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ ti yí horo náà síhìn-ín sọ́hùn-ún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ibi tó gbà wọlé kọ́ ni ibi tó ti wá."

"Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n," ni Alhaji tún wí, bí ẹni ń tọ́ nǹkan wò lẹ́nu. Ẹ má fojú òpè wo Alhaji Làsísì. Orí ló fi ń ru ìyẹ̀fun kó tó ní ilé búrẹ́dì tirẹ̀, ó mọ ibi tí èrè wà kí ẹlòmíràn tó mọ̀ pé ọjà ti dé. Ojú rẹ̀ tó ti le láti àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ara Tinúadé sì ń balẹ̀ bó ti ń wò ó. Ṣé ó mọ ohun tó ń mú ojú Alhaji rọ̀?

Alhaji gbé fóònù. Ó sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá mọ́, pé ọ̀rọ̀ ti yanjú nínú ilé. Ishaq dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹkún gbọ̀n ọ́n. Inú Tinúadé dùn débi tó fi jókòó láìmọ̀.

"Ìyá Ameenat," ni Alhaji wá kọjú sí Sùlíyá, ohùn rẹ̀ sì tutù bíi ti lèmọ́mù, "o gbọ́ ohun tí ọmọ ìwé wí. Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn Ishaq, kò sí lọ́rùn ilé iṣẹ́. Àmúwá Ọlọ́run ni. Ohun tó ti òkè wá, ta la fẹ́ bá ṣẹjọ́? A ó fi ìrẹsì ránṣẹ́ sí yín, a ó sì máa gbàdúrà fún un. Ti ọsibítù, ẹ ó máa bá a yí fúnra yín. Iṣẹ́ rẹ̀ náà, kó fọkàn rẹ̀ balẹ̀, a ti rí ẹni tó máa ṣe é." Ó yíjú sí Job. "Ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ. Ìṣínu ń bọ̀."

Tinúadé la ẹnu. Ó fẹ́ sọ pé kì í ṣe bí òun ṣe wí i nìyẹn, ṣùgbọ́n bó ṣe wí i gan-an nìyẹn, kò sí ọ̀rọ̀ tí Alhaji fi kún un. Igi tó fi gba Ishaq sílẹ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi ń na Ádámù lórí ibùsùn. Irú ìwà yìí ló ń mú èèyàn bínú sí olówó: wọn ò ní gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́ títí wọn á fi rí ibi tó ti wúlò fún wọn.

Job ti pariwo láti ojú fèrèsé. Jẹnẹrétọ̀ dún, rólà gbéra, ó yí díẹ̀, wọ́n sì fi bọ́tìnì dá a dúró kí wọ́n lè kọ́kọ́ ha ìyẹ̀fun àná kúrò. Tinúadé yọjú. Rachael ni wọ́n fi sí ipò Ádámù, ìyá àgbàlagbà kan tó ti ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá látìgbà tí ilé iṣẹ́ náà ti wà. Ó ń ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Ìbòrí wà ní ṣíṣí, ọ̀rá ṣì wà lórí súìṣì, Tinúadé rí i tó ń dán.

"Àǹtí Ẹnjiníà." Sùlíyá ti dìde. Kò pariwo. "Èmi ò kàwé. Ẹnu yín ni mò ń wò. Ṣé òótọ́ ni pé ìràwọ̀ ló gé ọkọ mi lọ́wọ́?"

Job ń wo Tinúadé, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Láti ilẹ̀ tó wà, Ishaq gbé ojú sókè, ó mi orí fún un díẹ̀, nítorí òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ọ̀rá yẹn, ó sì mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ ọ̀rá bá jáde, téṣàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú rẹ̀ ló tún ń padà lọ. Tinúadé mọ ti ara rẹ̀ náà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa bi í ni pé, ìwọ tó o mọ̀, kí lo ṣe? Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Nísàlẹ̀, Rachael bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́.

"Ó lè jẹ́ ìràwọ̀ ló yí ẹ̀rọ," ni Tinúadé wí. "Ìràwọ̀ kọ́ ló so ọ̀rá."

Kò dúró gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ. Ó sá jáde, ó ń fo àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ń pe Rachael, jẹnẹrétọ̀ sì ń bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹnì kan ń pe orúkọ rẹ̀ láti òkè. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí ìyẹ̀fun tó dà sílẹ̀, ó di ògiri mú, ó dé ìdí súìṣì ńlá tó ń pín iná fún gbogbo ilé, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a sísàlẹ̀. Gbogbo ilé kú. Rachael wò yíká, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà láàárín irin méjèèjì dé ọrùn ọwọ́.

"Kí ló dé, Ẹnjiníà? Iná ti lọ ni?"

"Ẹ yọ ọwọ́ yín, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́."

Rachael yọ ọ́, ó sì fi nu ara aṣọ. Tinúadé mú ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ìyẹ̀fun, ó gé ọ̀rá náà. Ìkánjú mú kó gé ara rẹ̀ díẹ̀.

Àwọn tó wà lókè ti sọ̀ kalẹ̀. Alhaji wo ọ̀rá tó wà nílẹ̀ bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí láyé. "Ta ló so nǹkan yìí mọ́ ẹ̀rọ mi?"

"Ishaq ni, sà," ni Job wí.

"Èmi ni," ni Ishaq wí. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n so ó, ọ̀gá."

"Ta ló gbọ́ ọ?" Job yí ojú ká àwọn òṣìṣẹ́. "Ta ló gbọ́ ìgbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn. Èyí ń wo páànù búrẹ́dì, tọ̀hún ń wo èékánná. Rachael tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọwọ́ rẹ̀ nínú ewu ń wo ilẹ̀ pẹ̀lú wọn, a ò sì lè bá a wí, ojú iṣẹ́ ni ó ti ń jẹ. Tinúadé ń retí kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ ṣáájú òun.

"Mo gbọ́," ó wí.

Sùlíyá rìn wá síwájú rẹ̀. "Ẹ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, Ìyá Ameenat."

"Ẹ rí ọ̀rá yìí lórí ẹ̀rọ?"

"Mo ń rí i láràárọ̀."

"Ẹ sì mọ ohun tó lè ṣe."

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo dákẹ́."

Tinúadé retí ìgbátí, ìbá sì gbà á. Sùlíyá ò gbá a. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀rá náà nílẹ̀, ó dì í mọ́ etí ìró rẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kò pè é ní àǹtí mọ́. "Gbé ẹsẹ̀," ó wí. "O máa bá mi dé téṣàn. Ohun tí o sọ níbí, o máa sọ ọ́ níbẹ̀."

"Bí o bá jáde ní géètì yìí, má padà wá," ni Alhaji wí fún Tinúadé. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Nísàlẹ̀ ohùn jẹ́jẹ́ yẹn ni ilé tí Tinúadé ń gbé wà, àti owó ilé ìwé àbúrò rẹ̀, àti ìwé ẹ̀rí tí kò ní rí gbà fi wá iṣẹ́ mìíràn. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ tó wọ̀ lékè, ó gbé e lé orí rólà, ó sì tẹ̀ lé Sùlíyá. Ishaq wo Job, ó wo géètì, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbéra. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ lé wọn.

Ọkọ̀ ojú irin ń kọjá nígbà tí wọ́n dé ojú ọ̀nà, wọ́n ní láti dúró. Tinúadé ń to ọ̀rọ̀ lọ́kàn: orúkọ Job á ṣáájú, nítorí òun ló pàṣẹ, ti Alhaji á tẹ̀ lé e, nítorí ó rí i ó sì gbà á láyè. Ti Ishaq, á bẹ̀bẹ̀ fún un pé àṣẹ ló jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà tò dáadáa. Ó tò ó títí tí wọ́n fi dé iwájú obìnrin ọlọ́pàá tó jókòó nídìí káńtà.

"Ta lẹ wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn?" ni obìnrin náà bi wọ́n.

Sùlíyá yíjú sí Tinúadé, ó ń dúró, ojú wíwú yẹn ò sì kúrò lára rẹ̀. Orúkọ Job ti wà létè Tinúadé. Ó gbé e mì.

"Ẹ kọ Tinúadé ṣáájú," ó wí.